Ìwé Ọjọ́ Kan fún Erékùṣù Irúgbá

Kí àwọn Faransé tó fi òfin de àwọn erékùṣù inú odò Mono, ibẹ̀ la ti máa ń ká irúgbá. Nígbà tó yá, wọ́n ní igbó ìjọba ni, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi tàbí ẹranko ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó lọ gbàwé àṣẹ ní bírò, ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Atakpamé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ láti ìhà Moretan. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kòmáǹdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ò sí. Nígbà kejì, mo jókòó síta títí ẹsẹ̀ mi fi wú kí wọ́n tó fún mi níwèé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i. Irú tí mo bá fi èso yẹn ṣe lèmi àtàwọn ọmọ mi mẹ́ta fi ń la ìgbà ebi kọjá, òjò sì ti ń ṣú. Bí odò bá kún, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo lọ bá bàbá atukọ̀ létí odò. Mo sọ fún un pé ògbufọ̀ bírò ka ìwé náà fún mi, pé ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọjọ́ mi pé. Bàbá to òkúta kéékèèké sílẹ̀, ó kà á, ó tún un kà, ó mirí.

"Ìyàwó wa, ọjọ́ ìsinmi odò ni wọ́n mú fún ọ. Àjẹ̀ ò gbọdọ̀ kan omi lọ́jọ́ náà."

"Háà, Bàbá!"

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́? Padà lọ bá àwọn òyìnbó rẹ."

Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò sunkún, ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹkún.

"Bàbá, ẹ gbé mi lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ wá mú mi lọ́jọ́ kejì ìsinmi. Mi ò ní ká nǹkan kan àfi lọ́jọ́ inú ìwé."

"Bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá ká ọ mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe tìrẹ ńkọ́?"

"Ta ló máa fi ọkọ̀ gbé e débẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Òun nìkan ló lọ́kọ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì ń gbé ẹ̀ṣọ́ kọjá.

Mo di gààrí, ẹní kan, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, àti ọ̀pá gígùn tí mo so dòjé mọ́ lórí. Mo fi ìkòkò sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ kéré. Ọ̀dọ̀ ìyá mi làwọn ọmọ wà.

Bàbá gbé mi kọjá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ inú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká irúgbá láti ìdájí. Ọ̀bọ ti jẹ ti ìsàlẹ̀ tán. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, apá mi ò gbéra mọ́, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta kún, ìkẹrin dé ìlàjì.

Ilẹ̀ mọ́, bàbá dé. Omi ti pọ́n, ó ń ru.

"Ṣé ó tó?"

"Á gbé wa dé ìgbà iṣu tuntun."

Mo wọ ọkọ̀, mo gbórí lé apẹ̀rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Mi ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀.