Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tútù ní Sakété

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i. Wọn ò ròyìn rẹ̀ fún mi, n kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ṣì wà láàyè, etí rẹ̀ ò sì di.

Iṣẹ́ ilẹ̀ rírà ni mò ń ṣe, kì í ṣe ká fi owó rà á o, ká fi ọwọ́ pa á kó dán ni. Láti Ìgànà títí dé Pobẹ̀, bí ẹ bá rí ilẹ̀ ilé tó ń dán, ẹ má wulẹ̀ béèrè, èmi ni mo rà á. Màá po ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, mọ́ omi ewé, màá fi ọwọ́ rà á, màá wá fi òkúta bọ̀rọ́ dán an. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ń gbéraga. Kí wọ́n máa wí! Ilẹ̀ ta ni ó dán tó tèmi nínú wọn?

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà, tí kọmandan òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ilé ńlá kan wà ní Sakété tí bàbá oníṣòwò epo kan kọ́ láyé àtijọ́. Àwọn birikìlà Àjàṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú dé ló kọ́ ọ fún un. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Òpó gàgàrà dúró níwájú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ mọ òdòdó sí orí wọn. Òkè fèrèsé tẹ̀ kọrọdọ, gíláàsì pupa àti aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la ilé náà já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn tó ń kọ́lé nísinsìnyí ń ṣeré ni.

Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, àfi yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má da sìmẹ́ǹtì lé òun láyà.

Ìyàwó rẹ̀ tó kéré jù ló ń gbé inú yàrá náà. Ìyá yìí ò bímọ, kò sì ní ilé mìíràn láyé yìí. Ọmọ ìyálé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́ fẹ́ fi ilé náà háyà fún ìjọba kí wọ́n fi ṣe bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì. Ó ní òun máa da sìmẹ́ǹtì sí yàrá tó kù, kí ìyá kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Pobẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wo ilé.

Ni ìyá bá ránṣẹ́ pè mí. "Ọmọ mi, bá mi ra ilẹ̀ yìí, kó dán débi tí ojú á ti ẹni tó bá fẹ́ bà á jẹ́."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kọ́ ni ẹ pè yìí?"

Nínú iṣẹ́ wa, láti ògiri inú lọ́hùn-ún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn la máa ń fi rìn bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀sán gangan, mo ti fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo lóṣòó, ilẹ̀ ń dán níwájú mi. Ìyá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, èmi ni mo sì dí i.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. "O kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o. Ẹ má wọlé o, ilẹ̀ ò tíì gbẹ." N ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ohùn náà tún sọ̀rọ̀. Iwájú mi ló ti wá báyìí, nínú yàrá!

Mo gbójú sókè. Bàbá kan dúró níbi ògiri lọ́hùn-ún, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, kò wọ bàtà. Mo wo ilẹ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Yéè! Orí mi wú, òkúta bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Sọ fún ìyàwó mi kó máa lọ. Kó kúrò níbí kí ilẹ̀ tó mọ́."

Mo fẹ́ béèrè pé ta ni. Mo ṣẹ́jú, n ò rí i mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ti gbẹ gaungaun, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù ṣì tutù.

Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ó dùn mí láti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó tí kò níbi tó ń lọ, àmọ́ ta ló tó fi ọ̀rọ̀ òkú pamọ́? Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, pé ó máa lọ di ẹrù.

"Kí ló pè mí?"

"Ó ní 'ìyàwó mi', ìyá."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ọkọ mi ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àbẹ̀ní ló ń pè mí, títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni yòówù tó rán ọ yẹn, kó wá bá èmi fúnra mi sọ ọ́. N ò lọ ibì kankan!"

Nígbà tí ilẹ̀ yàrá gbẹ, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, ó sùn. Obìnrin kan láyà o! Èmi tí mo ń fọ́nnu, ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá Pobẹ̀ dé, ó bá ìyá níbi tó jókòó sí. Ará Ọ̀họ̀rí ni, ó mọ iyì ilẹ̀ tí a fọwọ́ rà. Ó wo ilẹ̀ yẹn títí, ó yíjú sí ọmọ ìyálé tó mú un wá, ó pè é bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe ọkùnrin: "Mùsé, ẹ fi ìyá sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn yàrá yòókù tó wa." Bí ìyá ṣe jókòó sí yàrá rẹ̀ nìyẹn. Inú mi dùn, n ò purọ́.

Ṣùgbọ́n n kì í yà kí i lọ́sàn-án mọ́. Ìgbà tí mo yà kẹ́yìn, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o." Ohùn méjì ló dá mi lóhùn láti inú yàrá náà: ti ìyá, àti èyí tó kí mi níjọ́ tí mò ń ra ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Sakété kọjá, bí wọ́n bá kí yín lọ́sàn-án gangan, ẹ wo ojú ẹni náà kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ ò bá rí ojú, ẹ máa lọ.