Aṣọ Funfun Tí A Gbé Sọdá Odò

Ní ọdún tí Odò Ògùn kún tí ó kọjá ààyè rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé ní Ifọ̀ ni. Bí mo bá rántí àkókò náà báyìí, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí lójú mi bí ohun tí mo rí lójú oorun: òjò tí kì í dá, fèrè ọkọ̀ ojú irin tí a ń gbọ́ láìrí ọkọ̀, èéfín ìdáná tí ó kọ̀ tí kò gòkè, tí ó ń rá pálá kiri ilẹ̀. Ọmọdé ni mí lójú àwọn ará ilé ọkọ mi, àgbà ni mí lójú ara mi. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ tán nínú méjèèjì.

Ìyá ọkọ mi a máa hun kíjìpá, aṣọ òwú tí ó nípọn, tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé, tí ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ni ín lọ. Wọ́n máa ń sọ pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá ra ọ̀kan kò tún ní wá owó òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ara tu òun kò ní sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ mi. Igi ìhunṣọ rẹ̀ dúró ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú ọ̀nà ibi tí a ń gbé omi mímu sí. Kò sí bí o ṣe lè lọ mu omi láìtẹrí ba fún igi náà. Ó dá mi lójú pé ìdí tí ó fi gbé e síbẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá hun aṣọ tí ó wọ́, kò ní bá mi wí, yóò kàn tú u, yóò sì kọjá lọ. Èmi ì bá yàn kí ó bú mi. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò ní torí pé ó ti di ará ọ̀run kí n wá máa pọ́n ọn lé.

Àwọn ẹlẹ́ja ni wọ́n gbé ìròyìn náà dé ọjà. Wọ́n ní omi ti wọ àwọn abúlé etí odò ní ìhà Ìbàfò, pé ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n rí yọ wà nínú ilé ìwé kan lórí ilẹ̀ gíga, lọ́nà Mowé, wọ́n ń gbọ̀n, ẹní pàápàá kò kárí wọn. Ìyá ọkọ mi ń ná ẹja lọ́wọ́. Ó dá ẹja náà padà sínú agbọ̀n, ó sì kọrí sílé láìsọ fún mi pé ó yá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe àwọn ahunṣọ àdúgbò wa jọ, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Kò ṣe àlàyé púpọ̀. Ó ní, "Ẹni tí ó bá ní òwú, kí ó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó gbé ọwọ́ wá."

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tí a kò rí rí. Mo ṣì ń gbọ́ ariwo rẹ̀: pákó tí a fi ń lu òwú pọ̀ ń dún ní ilé wa, òmíràn ń dá a lóhùn ní ilé kejì, òjò ń lu páànù lókè orí gbogbo wa. Nígbà mìíràn, mo máa ń sùn lọ lórí ìjókòó, ọwọ́ mi kò sì ní dúró. Mo lá àlá pé ọmọ kan jókòó sí apá kejì igi ìhunṣọ náà, pé ó ń gba òwú lọ́wọ́ mi, ó sì ń dá a padà fún mi. Ara mi kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ.

Èmi náà ni mo béèrè pé, "Ìyá, ṣé a ò ní rẹ wọ́n láró ni?" Gbogbo kíjìpá tí ó ń jáde ní ilé wa, aláró ni.

Kò tilẹ̀ wò mí. "Nínú òjò yìí? Aró wo ni yóò gbẹ? Àbí kí òtútù máa dúró de aró ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn obìnrin yòókù nínú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ronú kọjá ibẹ̀. Òtútù ni gbogbo wa ń rò; kò sí èyí tí ó rí i pé funfun báláú ni aṣọ tí ó ń ga sí i lórí ẹní tí à ń tò wọ́n sí.

Nígbà tí òjò dáwọ́ díẹ̀, a fi ẹní dì wọ́n, a gbé wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń lọ kó gbágùúdá, a bá a dé ibi tí ọ̀nà mọ. A fi ẹsẹ̀ rìn yòókù dé etí omi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Bí mo bá pa ojú mi dé, mo ṣì lè wọ ọkọ̀ yẹn. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ojú ọ̀run sì wà nínú rẹ̀ débi pé n kò fẹ́ bojú wo ìsàlẹ̀. Orí àwọn igi ọ̀pẹ yọ sókè bí ẹni tí ó jókòó sínú ìwẹ̀. Òrùlé kan ń léfòó lọ jẹ́jẹ́, adìẹ kan sì wà lórí rẹ̀ tí ó ń wò wá bí ẹni pé àwa ni a sọnù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, atukọ̀ ní kí a rọra. "Orí oko àgbàdo ènìyàn ni a wà yìí," bẹ́ẹ̀ ni ó wí. Mo fa ẹsẹ̀ mi sókè, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ àgbàdo olóko.

Nígbà tí a dé ilé ìwé náà, a kúnlẹ̀, a kí àwọn àgbà ibẹ̀ kú ewu omi, kú àdánwò. Àwọn ọmọ wà káàkiri ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó lọ́tọ̀ sí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò ní ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó ń gbọ̀n débi pé eyín rẹ̀ ń dún. Wọ́n sọ fún wa pé nínú agbo ilé wọn tí ó kún fọ́fọ́, òun àti ìyá àgbà náà nìkan ni ó kù. Wọ́n ní àyà ti ń dun ọmọ náà, pé bí òru ọjọ́ yẹn bá tún bá a ní ìhòòhò, ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ìyá ọkọ mi tú ẹní. Ó mú aṣọ tí ó wà lókè, ó nà án, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí ọmọ náà.

Ìyá àgbà náà fi igbe ta. "Ẹ gbà mí o! Irú rẹ̀ ni wọ́n fi dì wọ́n! Irú rẹ̀ gan-an!" Ó fa ọmọ náà wọ inú ìró rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ifọ̀, ẹyọ kan tí omi ṣẹ́ kù fún mi, òun náà lẹ wá dì?"

Ìgbà yẹn ni ojú wa là. Aṣọ funfun tuntun ni à ń fi sin òkú. Bí ẹ ń lọ mọ́ṣáláṣí, bí ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹ kò sì lọ síbì kankan, funfun náà ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí í gbé e wọ ilé aláìsàn. A mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ orúkọ ara wa, síbẹ̀ a jókòó, a hun ún, a sì fi orí rù ú sọdá odò wá bá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ènìyàn wọn tán. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí omi náà wá gbé èmi náà.

Àwọn obìnrin tí a jọ wá ti ń ká aṣọ. Ọ̀kan ní kí á padà sílé lọ rẹ wọ́n láró. Mo wo ọmọ náà. Ètè rẹ̀ ti ń dú. Aró kò lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e fún mi. Ó tẹ́ ẹní sí àárín ilé ìwé náà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì fa aṣọ funfun náà bo ara rẹ̀ dé orí.

"Ìyá!" Mo ké.

"Dákẹ́." Abẹ́ aṣọ ni ohùn rẹ̀ ti jáde. "Èmi ni àgbà nínú àwọn tí ó gbé e wá. Bí ó bá jẹ́ aṣọ òkú ni, kí ó kọ́kọ́ mú mi."

Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé ni, kò kárí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, àti gìgísẹ̀ tí ó sán, àti àwọn ọmọ ìka gbọọrọ tí n kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn bá a rẹ́rìn-ín. Bí ó bá fa aṣọ sí ẹsẹ̀, orí á yọ; bí ó bá fà á sí orí, ẹsẹ̀ á yọ. Nígbẹ̀yìn, ó ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ìkókó.

N kò mọ ìgbà tí ọmọbìnrin náà yọ́ kúrò nínú ìró ìyá àgbà rẹ̀. Mo kàn rí i lẹ́bàá ẹní. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣì wà níta. Ó fa etí aṣọ, ó bò ó. Ọmọ ìka náà tún yọ. Ó tún bò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé etí aṣọ náà sókè, ó sì wọlé tọ̀ ọ́.

Aṣọ náà ń gbọ̀n nítorí ọmọ náà ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dẹwọ́. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

Ìyá àgbà náà sáré dìde, ó sì ṣí aṣọ náà. Ọmọ náà ti sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí. Ìyá àgbà náà rọra ká aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀, ó fi bo èjìká rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ etí aṣọ náà mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ẹ gbé ìyókù wá. Ṣùgbọ́n ẹ má bo ojú wọn o."

Nígbà tí à ń padà lórí omi, ìrọ̀lẹ́ ti dé, ìkùukùu sì ti bo etí odò méjèèjì. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé, "Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó gba gèlè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wé e.

"Ta ló sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀?" bẹ́ẹ̀ ni ó wí. "Ìyàwó, mo ti dágbére fún ọkọ rẹ nínú ọkàn mi kí n tó fa aṣọ yẹn bojú."