Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dọ̀bálẹ̀ Sínú Omi

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ọyẹ́ jọ la ètè wa, ẹ ó ní àsọdùn mi tún ti dé. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú ẹrẹ̀ náà lọ́jọ́ náà.

Òórùn ẹrẹ̀ dúdú ló máa ń jí mi lásìkò ọyẹ́ lábúlé wa, nísàlẹ̀ Pobè. Bí òjò bá ti lọ, omi tó bo pápá á máa fà díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní ju orúnkún lọ. Láàárọ̀, á tutù débi pé ẹja ò ní lè sáré. Tí oòrùn bá wá yọ, àwọn epìyà aláyà pupa á rìn wá síbi tí omi ò ti jìn, wọ́n á máa yá oòrùn, ìrù wọn á sì yọ lókè omi bí ewé. Apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìdí ni bàbá mi fi ń mú wọn. Á yọ́ rìn, á fi apẹ̀rẹ̀ dé ẹja, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, á wá ti ẹnu òkè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Má kánjú," ni ó máa ń wí. "Ẹja tí ọwọ́ ò tíì bà, ẹja omi ni."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá tó bí ìyá mi wá kí wa láti Sakété. Gàrí ló ń tà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kan ju gàrí rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ẹsẹ̀ mi tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé ọmọ lẹ ń tọ́ níbí ni àbí ọ̀pọ̀lọ́?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò rín. Ó ní òun ó mú mi lọ sí Sakété, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n lè rí oúnjẹ gidi jẹ. Bàbá mi ní oúnjẹ ò wọ́n wa.

"Ó dáa. Ẹja yín tí ẹ fi ń yangàn yẹn, ẹ jẹ́ kí n rí i nínú abọ́ lónìí. Bí n ò bá rí i, ọmọ á bá mi lọ lọ́la."

Ìyá mi wolẹ̀. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn? Èmi lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ sunkún díẹ̀ fún ewúrẹ́ wa.

Kíá ni bàbá mi gbé apẹ̀rẹ̀ wọ omi. Mo jókòó létí omi, mò ń wò ó. Ó dé apẹ̀rẹ̀ síhìn-ín, òfo. Ó dé e sọ́hùn-ún, ẹrẹ̀. Àlàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀rù àna ló ń bà ọ́, ẹja sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀!" Nígbà tó yá, ìrù kan yọ lókè omi, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Bàbá mi yọ́ lọ. Gbàà! Apẹ̀rẹ̀ bò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń mi apẹ̀rẹ̀ náà jìgìjìgì, bàbá mi sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo ti dìde, mo ti ń jó.

Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ ọmọ mi!"

Ìyá àgbà ni. Kò lè jókòó sílé. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn bàbá wa: bí ìyá ìyàwó bá yọjú, kì í ṣe orí ló ń sọ fún ara pé kó wólẹ̀, ara ló ń dá wó. Bàbá mi fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọyẹ́ náà, tàyàtàyà. Orí rẹ̀ wọlé, orí rẹ̀ jáde. "Ẹ káàbọ̀, mà," ni ó wí, omi ń dà nímú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ yí gbirigbiri. Ẹja ta pọ́ún, ó lọ.

Àlàbá kígbe: "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ẹja lò ń kí ni?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ti ń rí ara mi lẹ́yìn alùpùpù sẹ̀míjàn, lójú ọ̀nà Sakété.  Ìyá àgbà wo bàbá mi, ó wo apẹ̀rẹ̀ tó ń léfòó. Ìgbà náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni! Ó rín débi pé orí mi ló dì mú kó má baà ṣubú. Ó wá nu ojú, ó ní: "Ẹni tó ju ẹja nù nítorí mi, kò ní ju ọmọ mi nù nítorí ẹja."

Èmi náà ti ní àna báyìí. Orí fóònù ni mo ti ń kí ìyá ìyàwó mi. "Mo dọ̀bálẹ̀ o, mà," ni mo máa ń wí, bẹ́ẹ̀ orí àga ni mo nà sí, ẹsẹ̀ mi wà lórí tábìlì, ara mi gbẹ táútáú. Nígbà míì, bí mo bá sọ ọ́ tán, á ṣe mí bíi pé ọmọ ẹlẹ́rẹ̀ tó wà létí omi yẹn ń wò mí, tó ń bi mí pé, ẹja wo ni ìwọ jù nù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìdọ̀bálẹ̀ inú omi náà, bàbá mi ò lè dìde. Ikọ́ ń bá a jà lórí ẹní. Oní-sẹ̀míjàn tó fẹ́ gbé ìyá àgbà ti ń pariwo níta. Ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Bí bàbá mi ṣe rí i, ó ti ń yí ara padà, ó fẹ́ dojú bolẹ̀. Ni ìyá àgbà bá fa apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yọ, ó fi dé e lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹní. "Dúró jẹ́ẹ́!" Ó ti ẹnu òkè ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Nígbà tí bàbá mi mu ún tán, ìyá àgbà kọjú sí ìyá mi.

"Èyí ni ẹja tí mo rí mú ní Pobè," ni ó wí. "Bá mi tọ́jú rẹ̀." Ó jáde, òun nìkan ló sì gun sẹ̀míjàn lọ.