Àrán Kan Ṣoṣo fún Obìnrin Mẹ́ta

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé wa ní Kútọnu nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́wó ná ni. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé o! Ìyá mi ló mọ ìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó pa á lára.

Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso Dàhómì nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi kò kó ọjà wá mọ́, ẹnubodè Nàìjíríà sì wà ní títì. Iyọ̀ wọ́n, kẹrosíìnì tán, aṣọ di ohun tí à ń rántí. Ìyá mi a máa fi abẹ la igi ìṣáná kan sí méjì kó tó ṣá a. Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Èmi rí i.

Àpò ìyẹ̀fun ló fi rán ṣòkòtò fún àwọn àbúrò mi. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ ó ka orúkọ ìyẹ̀fun náà ní ìdí wọn! Agolo kẹrosíìnì tó ti ṣófo di àpótí, ó di àga, ó di ohun ìpọnmi. Ìyá mi ń sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Ó ń se omi òkun títí yóò fi gbẹ, kí iyọ̀ lè kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo lọ sí yunifásítì nígbà tó yá, wọ́n sì kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ gígùn gígùn tí wọ́n fi ń pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Nílé wa, àìní là ń pè é.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìṣòwò Òyìnbó kan. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ Faransé lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé omi Paris ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kraváàtì, ìyẹn táì, kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí kò sí ọbẹ̀ nílé. Yàrá méjì péré la ní. Ó sọ ọ̀kan di pálọ̀, ó to àga sí i, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó níbẹ̀ nítorí Òyìnbó tó lè yà kí òun. Òyìnbó wo? Títí ogun fi parí, kò sí èyí tó yà! Gbogbo wa ń sùn sínú yàrá kejì, a tò bí ẹja orí àtẹ.

Òfin kan tún wà. Bàbá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí obìnrin ilé òun níta pẹ̀lú aṣọ tó gbó. Ó ní ìyàwó akọ̀wé kì í wọ àkísà.

Báwo ni ìyá mi ṣe wá máa ṣe é? Àrán kan ṣoṣo ló kù nílé wa, èyí tí wọ́n rà kí ogun tó dé. Ìró, bùbá àti gèlè rẹ̀ pé. Obìnrin mẹ́ta sì ni wá: ìyá mi, Tàntí Sàbínà tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, àti èmi, Filó, tí mo ti di ọmọge. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara wa kò fi bẹ́ẹ̀ jura wa lọ. Ìyá mi fi àrán náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á wọ̀ ọ́, àwọn tó kù á dúró sílé nínú àpò ìyẹ̀fun wọn. Bó ti rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyá mi ló ń lọ sí Mísà àkọ́kọ́. Á sáré dé, á ti máa tú gèlè láti ẹnu ọ̀nà, kí Tàntí Sàbínà lè bá Mísà kejì. Èmi ló ni àdúrà ìrọ̀lẹ́. Bí Ọlọ́run bá ń wo inú ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè, yóò máa rò pé obìnrin kan ṣoṣo ni, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ìjọ lọ!

Ìyá Kọ́jó, obìnrin Fọ̀n tó ń yan ẹja ní ìhà kejì ọgbà wa, kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Ó wò wá títí, ó pariwo pé, "Ẹ̀yin ará ilé akọ̀wé! Gbogbo ayé ń wá aṣọ, ẹ̀yin ní àrán mẹ́ta! Ẹ tà mí lọ́kan jàre!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bá wa dúpẹ́ o, Ìyá Kọ́jó." Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. A wọlé, a fi ọwọ́ bo ẹnu, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ta àgbọn wá láti Ekpè, ìlú ìyá mi. Ó ní ara ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò yá, kò sì jẹun mọ́. Ó ní, "Wọ́n ní kí Àdùkẹ́ máa bọ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi falẹ̀ o." Ìyá mi ni Àdùkẹ́.

Ìyá mi dìde, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìṣó nìkan ló wà níbẹ̀! Tàntí Sàbínà ti wọ àrán lọ sí Godomè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ kí àwọn tó fẹ́ di àna rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ní òun máa padà.

Ìyá mi wé ìborùn mọ́rí, ó kọjú sọ́nà. Bàbá mi tó wá jẹun ọ̀sán bi í pé níbo ló ń lọ nínú àpò ìyẹ̀fun.

"Ìyá mi ni, Bàbá Filó. Ìyá mi ni!"

"Ìyá rẹ kò ní sá lọ. Sàbínà ń bọ̀ lọ́la. Àbí o fẹ́ kí gbogbo Ekpè máa sọ pé n kò tọ́jú rẹ ni?"

Kò ní sá lọ! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ bàbá mi nìkan. Kò sí ẹni tó di ìyá mi mú. Òun fúnra rẹ̀ ló padà jókòó. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Ekpè, àrán ló ń wọ̀ lọ, ìyá rẹ̀ á sì fà á lọ́wọ́ láti agboolé dé agboolé, kí àwọn èèyàn lè rí ọmọ òun tó fẹ́ akọ̀wé. Ó sọ fún mi pé bí òun bá wọlé tọ̀ wọ́n nínú àpò, ìtìjú ló máa pa ìyá òun kí àìsàn tó pa á.

Nígbà tí Ìyá Kọ́jó gbọ́, ó sáré wá. "Háà, Ìyá Filó! Mo rò pé o ti kọjá afárá!"

"Mo ń múra ni."

"Ìmúra wo? Mú ọ̀kan nínú àwọn àrán yẹn, kó o máa lọ! Àbí wọ́n ti pọ̀ jù, o ò mọ èyí tó o máa mú?"

Ó fi ṣàwàdà ni, kí ọkàn ìyá mi lè fúyẹ́. Ìró gidi kan wà ní ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ ìró lọ́wọ́ ẹni tó gbà pé ó ní àrán mẹ́ta?

Ìyá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ń yàn án lọ́wọ́ ni." Mo kọjú sí ògiri.

Ilẹ̀ mọ́, Tàntí Sàbínà kò dé. Àrán ti wọ àwọn àna lójú! Wọ́n ní àfi kí wọ́n mú un dé Kàlàfí kí àwọn mọ̀lẹ́bí wọn náà lè rí i. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn ni Tàntí tó dé, ayọ̀ kún inú rẹ̀. "Wọ́n gbà mí o! Wọ́n ní wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọlọ́rọ̀ ni mí!" Ìyá mi dìde. Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè kúrò lórí rẹ̀.

Èmi ni mo máa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ni mo máa wọ̀? Bàbá mi ronú, ó sì rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ní kí n ru ẹrù, kí n máa rìn lẹ́yìn, àwọn èèyàn á rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí. Bí ìyá mi ṣe di ẹni tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn!

A gba orí afárá, a bọ́ sí ọ̀nà etí òkun lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀. Àrán wúwo, ó ń mú un láàgùn, síbẹ̀ ó ń yára débi pé sísá ni mò ń sá tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé Ekpè, àwọn obìnrin jókòó sójú kan. Ìyá Bọ́sẹ̀, orogún ìyá àgbà, dìde. Ó kọ́kọ́ wo àrán náà láti òkè délẹ̀, kó tó wo ojú ìyá mi.

"Ìyá mi dà?"

"Alẹ́ àná ni, Àdùkẹ́. A ti sin ín lónìí."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní àwọn ti dúró de ìyá mi, torí ọmọ ló yẹ kó mú aṣọ tí wọ́n máa fi wé ìyá rẹ̀ wá, kò sì sí aṣọ odindi kan ní gbogbo agboolé. "A ní ìyàwó akọ̀wé ń bọ̀, aṣọ ń bọ̀. Oòrùn kò jẹ́ ká lè dúró mọ́. Ẹní la fi wé e."

Ẹní! Inú ẹní ni ìyá àgbà wọ ilẹ̀ lọ.

Ìyá mi bi í pé ṣé ìyá òun béèrè òun.

"Ó béèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ká fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní, 'Àdùkẹ́ ń dúró de aṣọ ni. Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan ni aṣọ wọn.'"

Ó mọ̀! Ó ti mọ̀ tipẹ́! Òun fúnra rẹ̀ ló ti bá ìyá mi fi abẹ́rẹ́ rán etí àrán náà níbi tó ti ya, ó sì tún rí ibi tí wọ́n rán náà nígbà tí èmi náà wọ̀ ọ́ wá kí i. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé aṣọ náà yẹ mí. Ó fi ìyókù sínú, kí a lè máa ṣe bí olówó wa lọ.

Obìnrin kan wò mí, ó ní ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó akọ̀wé nìyí.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ni. Àpò ìyẹ̀fun ló wọ̀. A ò ní aṣọ nílé wa."

Obìnrin náà ní, "Ta ló ní?" Àwọn tó kù mi orí. Ta ló ní lọ́dún yẹn?

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Ìyá mi jókòó sínú iyanrìn pẹ̀lú àrán tí a kì í fi jókòó láìtẹ́ nǹkan sílẹ̀. Ó tú gèlè, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ náà. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé e. Ó fi ọwọ́ tẹ etí kan, mo bá a tẹ etí kejì.

Nígbà tí a padà délé, bàbá mi ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Bí ẹrù bá ti wúwo jù, Ọlọ́run la máa ń gbé e rù, àbí? Ìyá mi lọ bá Ìyá Kọ́jó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá Kọ́jó gbá ìdí ara rẹ̀ níbi tó so ìró mọ́. "O ò sọ fún mi! Ó wà níbí! Ó wà níbí!" Ẹkún rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ.

Ẹ máa ṣọ́wó ná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ la ìṣáná, ẹ pín aṣọ wọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Àmọ́ ohun tí a bá ń pa mọ́ kí aládùúgbò má baà mọ̀ pé a ò ní, ó máa ń gbówó tí a ò ní rí san lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ẹ fẹ́ lọ wò, tí ẹ ṣì ń dúró kí nǹkan kan pé kí ẹ tó lọ? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó ná, bí ẹ ṣe wà yẹn.