Ìbẹ̀wò Ọjọ́bọ̀ sí Kofar Rini

Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì ní Sókótó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Nígbà tó kan ọdún àṣekágbá, àwọn ẹgbẹ́ mi mú ìkọ̀sílẹ̀ tàbí àìríṣẹ́ṣe fún pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Ní tèmi, bí wọ́n ṣe ń kọ́ sosiọ́lọ́jì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé kan pé àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé àwọn tálákà: kí wọ́n wo yàrá, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá kọ ìyà ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ ìyà.

Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ lókè Ọya, ní, "Má kàn jókòó ti ìwé. Ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é, ká wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Kofar Rini, àdúgbò kan ní Sókótó. Sókótó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó ń wúkọ́ láti ìgbà òtútù ọyẹ́. Mo kọ fèrèsé tí kò ṣí sílẹ̀, mo kọ tùwó tó ṣẹ́ kù sínú abọ́, mo kọ ikọ́ náà.

"Ọmọ mi," ìyá ní, "tí o bá kọ ọ́ tán, ta lo máa gbé e fún?"

"Olùkọ́ mi ni, màmá."

"Dókítà ni?"

"Rárá o. Olùkọ́ sosiọ́lọ́jì ni."

"Madalla, ó dára," ló wí, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un pé ìwé tí mò ń kọ kò ní mú oògùn wá. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn ni mo padà lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ yanṣẹ́lódì. Mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, mo lo oṣù mélòó kan nílé. Nígbà tí mo padà dé Kofar Rini, ìyá nìkan ni mo bá.

"A ti sin ín," ó ní. "Ó retí rẹ. Tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, á ní kí n gbálẹ̀, pé ẹni tó ń kọ̀wé ń bọ̀."

"Màmá, ẹ má bínú," ni mo sọ.

"Allah ne, Ọlọ́run ni," ló dáhùn. Ó sì bu omi fún mi mu.

Mo ròyìn fún olùkọ́ mi. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún gbé e sójú. Ó ní, "Fi ikú rẹ̀ sí orí kẹrin. Ó máa jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbèrú."

Mo fi í sí i. Ìlà méjì péré ló gbà. Iṣẹ́ mi ni wọ́n ní ó dára jù lọ lọ́dún náà.