Èékánná Télọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbò, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbúra. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ó ka èyí, ẹ má rò pé arúgbó ni mí. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti jìnnà débi pé mo ní láti máa ya ohun tí mo fi ojú ara mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ibi tí kò bá ti dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Agboolé wa tóbi. Olórí ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ńlá, ni ó ń parí ìjà, òun náà ni àwọn olóṣèlú máa ń wá kí. Nínú yàrá tó kọjú sí títì ni ayálégbé kan ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi láàárín àwa Mùsùlùmí. Iwájú yàrá náà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, òun ló sì ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo àwa ọmọ ilé. Ìyá mi àgbà a máa pè é ní "ọmọ ajílété." Òun náà a dáhùn pé, "Ẹ̀yin ajíṣebí-Ọ̀yọ́, ẹ kú fáàrí o." Àwọn méjèèjì a jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bá a jà kí ìbò tó dé.

Iná ni ìṣòro wa. Tíránsífọ́mà àdúgbò ti jó, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Ayọ́ọ̀nù eléèédú ni télọ̀ fi ń lọ aṣọ. Bí ọjọ́ ìbò ṣe ń sún mọ́lé, ọkùnrin kan tó ń ṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan wá bá Bàbá Ńlá. Ohùn rẹ̀ ròkè bí ti ẹni tó ń polówó ọjà, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú ilé. Ó ní bí ilé wa bá dìbò fún àwọn pátápátá, tí ìbò kan ò yà bàrá, tíránsífọ́mà tuntun ń bọ̀. Bàbá Ńlá ní kó fọkàn balẹ̀.

Bó ṣe fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Ńlá jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di Al-Kùránì mú. Gbogbo àgbà ilé ṣe àlùwàlá, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ń búra pé ẹgbẹ́ yẹn làwọn máa tẹ̀ka fún. Àwọn ará ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí a jọ ń dìbò ní ojú kan náà, wá búra pẹ̀lú. Nígbà tó kan télọ̀, ó dúró sẹ́yìn.

"Lọ mú tìrẹ wá," Bàbá Ńlá wí. "Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́."

"Àbí orin nìkan lẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?" ìyàwó ilé kan fi kún un. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ mú Bíbélì rẹ̀ wá, ó sì búra.

Ní ọjọ́ ìbò, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn. Iwájú ilé ìwé tó kọjú sí wa ni wọ́n ti dìbò, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ní íńkì dúdú lórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi lọ́jọ́ náà tí kò jẹ mọ́ ìbò rárá, bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn. Télọ̀ yá bírò mi. Ó máa ń yá a, láti kọ ìwọ̀n aṣọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó dá a padà, wọ́n ti fa ẹnu rẹ̀ yọ, íńkì ń jò sí mi lọ́wọ́. Mo sunkún. Ó ra òmíràn fún mi lọ́jọ́ kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka ìbò sókè létí gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ tí a búra fún ló kó gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan. Ìwé ìbò kan ṣoṣo wà fún ẹgbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ kejì yìí náà ló sì wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà, mi ò mọ ibi tí tíránsífọ́mà ìbá ti wá, ìbò kan ì báà yà tàbí kó má yà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ro ìyẹn. Aṣojú ẹgbẹ́ padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó. "Bàbá, ọ̀dàlẹ̀ wà nínú ilé yín," ó wí. "Ẹ wá a jáde ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀ iná."

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń lo ọlọ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn láti kúrò níbẹ̀. Bí o bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kíyè sí i pé íńkì ṣì wà lórí èékánná gbogbo ilé, ó kù télọ̀ nìkan. Tirẹ̀ mọ́ féfé.

"Ó ti fọ̀ ọ́ dànù!"

Èmi náà wò ó. Lóòótọ́ ni, ó mọ́. Bàbá Ńlá pè é síta lójú gbogbo ènìyàn.

"Íńkì tìrẹ dà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò dìbò fún ẹgbẹ́ yẹn."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Íńkì rẹ dà?"

Télọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi àgbà ló sọ̀rọ̀. "Ṣé ọwọ́ fífọ̀ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Àwọn tó kù ní kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Kí oṣù náà tó parí, télọ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde, ìyàwó rẹ̀ ru orí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí ìdíkọ̀. Ó rán aṣọ ilé ìwé mi tán kó tó lọ. Tíránsífọ́mà ò dé.

Ọdún gorí ọdún. Mo lọ kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, síìpù báàgì mi já, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi nítòsí ọjà. Ọkùnrin tó ti ń hewú ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ohùn mi, ó béèrè agboolé mi. Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ ajíṣebí-Ọ̀yọ́! Ṣé iná ti dé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Nígbà tó yá ni mo béèrè ohun tí mo ti fẹ́ béèrè láti kékeré.

"Ṣé o rí i," ó wí, "níbí ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Ibí nìkan ni mo ti lè dìbò, ọkọ̀ ò sì rìn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò jáde lọ dìbò níbì kankan."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n ní kí ni? Pé mo gbé Bíbélì, mo fi búra ìbò tí mi ò ní? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo búra, mo ní á kọjá lọ. Kí wọ́n má baà bi mí léèrè ni mo fi fi bírò rẹ kun èékánná mi. Mi ò mọ̀ pé á tètè ṣí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó jò sí ọ lọ́wọ́, o ké bí ẹni pé wọ́n pa ẹran rẹ."

Mi ò gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé lè ní àkókò tó pọ̀ láti ro àlàyé tó dáa. Ṣùgbọ́n bírò náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo sunkún. Ẹni tó bá sì ti ní íńkì ìbò lórí èékánná, kí ló fẹ́ fi bírò ṣe?

Bí kì í bá ṣe òun, ta ni? Ìyá mi àgbà kò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn, ìka rẹ̀ lè ṣìnà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí. Gbogbo àgbà ilé gbé ọwọ́ lé Kùránì, àfi ẹni tó dì í mú. Ìlú sì mọ̀ pé nígbà tí ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e sún mọ́, ẹgbẹ́ kejì tó wọlé fi Bàbá Ńlá sára àwọn tí wọ́n gbé lọ sí Mẹ́kà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n lè bọlá fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ kejì pé òun wà lẹ́yìn wọn, ìbò kan péré náà tó láti fi hàn wọ́n.

Nǹkan ti yí padà. Tíránsífọ́mà tó wà níbẹ̀ báyìí, àwa ará àdúgbò la dáwó rà á. Ẹ̀rọ ló ń wo ìka àti ojú wa kí wọ́n tó fún wa níwèé ìbò. Ẹnikẹ́ni ò búra mọ́, nítorí pé fóònù ti gba iṣẹ́ ìbúra ṣe: aṣojú ẹgbẹ́ á ní kí o ya ìwé rẹ ní fọ́tò, kí òun rí i. Àwọn kan sọ pé ìlọsíwájú ni. Mo ti gbọ́.

Ní ìbò tó kọjá, mo lọ sílé lọ dìbò, íńkì sì wà lórí èékánná mi. Bàbá Ńlá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, orí awọ àgbò ló ṣì jókòó sí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá, ìbúra ọjọ́sí, ta ló mú ẹ̀yin búra?"

Ó na ìka sí mi. "Akọ̀wé! Ta ní í mú ẹni tó di Kùránì lọ́wọ́ búra?"

Ó lè jẹ́ ìjẹ́wọ́. Ó lè jẹ́ àwàdà àgbà. Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tó fa ọwọ́ mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo tẹ̀ka fún?"

"Ìkọ̀kọ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ ra èékánná mi, ó tún ra á, bí ẹni tó ń wò ó bóyá íńkì náà á ṣí. Kò ṣí.