Omi Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ehoro

Ọkọ mi ló dúńbú ehoro mi, ṣùgbọ́n omi tí mo ń dà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pa á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹlòmíràn tí màá di ẹ̀bi rẹ̀ rù, n kò rí.

Ṣakí la wà nígbà náà, láyé ìjọba alágbádá, kí àwọn sójà tó tún gbà á. Mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sílé. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé, èmi àti ìyá rẹ̀ la sì jọ ń gbé. Ọdún kẹta tí mo wọlé ọkọ nìyẹn. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi. Àwọn tí a jọ ṣe ìyàwó ládùúgbò ti di Ìyá Lágbájá àti Ìyá Tàmẹ̀dù, èmi ṣì ni ìyàwó. Nígbà tí olùkọ́ kan tí wọ́n gbé kúrò nílùú wá fún mi ní abo ehoro òyìnbó rẹ̀, funfun báláú, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ehoro. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo mọ̀. Mo ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Nítorí ajá àti ológbò, a kò lè fi ehoro náà síta. Ọkọ mi kan pákó mẹ́rin pọ̀, ó fi wáyà bo orí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ awọ àgbò sí láti kírun. Ìyá wò ó títí.

"Ìyàwó, mi ò bá ẹran jà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ibi tí mo ti ń foríkanlẹ̀. Nájísì ni, ohun àìmọ́ tí í ba ìrun jẹ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Màá máa fọ̀ ọ́."

Mo sì fọ̀ ọ́. Ìgbéraga ló wà nínú fífọ̀ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé obìnrin tí kò tíì bímọ fún wọn mọ ilé tọ́jú. Kí wọ́n tó kí ìrun kọ̀ọ̀kan, màá ti kó koríko inú rẹ̀ dànù, màá da omi sí i, màá fi ìgbálẹ̀ gbo ó. Bí agogo ìsinmi bá lù nílé ẹ̀kọ́, màá sáré wálé wá fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Lásìkò ọyẹ́, kíá ló ń gbẹ. Nígbà tí òjò dé, kò gbẹ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ehoro mi tẹ ilẹ̀ tútù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kò fò pàdé mi mọ́ bí mo bá mú ewé kúkúńdùnkún wọlé. Á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún gbé ìkejì, bí ẹni tó dúró lórí yanrìn gbígbóná. Mo yí ikùn rẹ̀ sókè lórí itan mi. Irun gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti re, awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ti ọ̀tún ti là. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sunkún. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Omi iyọ̀ láàárọ̀, omi iyọ̀ lálẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ òrí. Mo gba oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sójú egbò ní dìsípẹ́ńsárì, mo fi kùn ún. Bí mo bá tọ́jú ẹsẹ̀ náà tán, orí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni màá gbé e padà sí. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó ń rùn.

Obìnrin Fúlàní kan wà tó máa ń gbé wàrà wá fún wa. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fún ọyún ẹsẹ̀ náà. Kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ pẹ́. Ó na ọwọ́ sínú ilé ehoro, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀, ó yọ ọ́, omi ń kán níbẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí ló ń ṣe é," ni ó wí. "Tí ilẹ̀ màálù wa bá tutù, pátákò wọn á jẹrà. Ta ló ní kó o máa da omi sí i?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìrun fún un.

"Àwa náà ń kírun," ni ó wí. "Àárín màálù la ti ń kí i. Ìtọ̀ ẹran tí èèyàn ń jẹ kì í ba ìrun jẹ́. Ṣé aáfà yín ò sọ fún yín ni?"

Inú bí mi sí i. Kí ló kan oníwàrà nínú ẹ̀sìn wa? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ nípa ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá la ẹnu bẹ ìyá nítorí ehoro, ọ̀rọ̀ ọmọ ni yóò bá a dé. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mọ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ara mi kò gbà á mọ́, mo sọ gbogbo ohun tí obìnrin Fúlàní náà wí fún ìyá. Wọn kò bínú. Wọn kò dárúkọ ọmọ.

"Ìtọ̀ ni mo sọ, ìyàwó," ni wọ́n wí. "Mi ò ní kó o fi omi pa á. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Wọ́n gbé awọ àgbò wọn wọ yàrá. Mo gbá omi inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò, mo fi pákó tẹ́ ilẹ̀ ehoro, mo kó koríko bẹẹrẹ gbígbẹ lé e lórí, ó nípọn. Bí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ti tutù, màá pààrọ̀ rẹ̀. N kò da omi sí i mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n jókòó láìtíì ká ìborùn kúrò lórí.

"Mo bi aáfà," ni wọ́n wí. "Obìnrin Fúlàní yẹn ò parọ́."

Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwa méjèèjì la wà nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó béèrè tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì tí ehoro náà kò jẹun nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú dé itan, ojú rẹ̀ ti rọ. Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé, ìyá ní kó bá wa dúńbú rẹ̀, kó lè sinmi, bí a kò tilẹ̀ ní jẹ ẹ́.

Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ta wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi, ó dákẹ́. Nígbà tí mo tú ọwọ́, ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan gìgísẹ̀ òsì. Ó ti gbẹ. Èépá rẹ̀ ti ṣí, irun funfun wẹ́wẹ́ ti ń hù létí rẹ̀.

"Eléyìí ti ń jiná," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi panu mọ́ ni ì bá gba ẹsẹ̀ ọ̀tún là.